Ṣaworo Tí Mo Fẹ́ Tà fún Ará Àkúrẹ́

Ẹ̀rọ náà máa ń ké bí ọmọ ewúrẹ́ tí ìyá rẹ̀ gbàgbé sínú òjò. Bí mo bá gbé e sórí ilẹ̀ lásán, á máa kùn wẹ́wẹ́ bí ẹni tí wọ́n gbé ọbẹ̀ aláìlẹ́ran síwájú rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí irin tàbí idẹ bá wà lábẹ́ ilẹ̀ níbẹ̀, á lọgun débi pé ẹyẹ orí kòkó á fò lọ. Ọ̀pá gígùn kan báyìí ni, ó ní àwo pẹrẹsẹ lẹ́sẹ̀ bí ìdérí ìkòkò. Ọkùnrin kan tó wá wá wúrà lẹ́bàá odò lọ́nà Ofosu ló ni ín. Ó wá wúrà títí, ìdérí ìgò ọtí ló ń rí. Ìgbà tó sú u, tó ń wá ohun tí yóò gùn padà sílé, ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ oko mi, ni mo bá fi ọ̀kadà mi gba ọ̀pá náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gun ọ̀kadà lọ. Èmi gbé ọ̀pá kọ́ èjìká, mo fẹsẹ̀ rìn dé ilé wa ní Odòde Ìdànrè.

Ìyàwó mi kò bú mi. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó wo ọ̀pá, ó wo ibi tí ọ̀kadà máa ń wà, ó ní, “Bàbá, ẹ fi ohun tó ń gbé èèyàn gba ohun tí èèyàn ń gbé.” Ó bá wọlé lọ. Ìbá sàn kó bú mi.

Kò pẹ́ sí i ni òjò àkọ́rọ̀ ọdún náà dé, ó kó ìjì lẹ́yìn. Ẹni tó bá mọ Ìdànrè mọ̀ pé ìjì tiwa kì í fẹ́ lọ tààrà. Á kọ́kọ́ lọ forí sọ àpáta, inú á bí i, á wá padà wá gbẹ̀san lára ará ilé. Ó ṣí páànù ilé mi láti yàrá dé pálọ̀. Mo sọ fún àwọn èèyàn nígbà náà pé ọ̀kan nínú páànù yẹn fò dé Ofosu, pé awakọ̀ kan tó ń ti Bìní bọ̀ yà fún un kó kọjá. Bó ṣe rí gan-an ni pé ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀ṣì la ti bá èyí tó jìnnà jù, ó ti ká bí ewé ẹ̀kọ. Afẹ́fẹ́ ti fẹ́, gbogbo Odòde sì ti rí fùrọ̀ adìyẹ wa: ìkòkò dúdú, aṣọ tí a kó pamọ́ fún àlejò, àti bẹ́ẹ̀dì mi tí búlọ́ọ̀kù dúró fún ẹsẹ̀ rẹ̀ kan.

Bá a ṣe kó lọ sílé ẹ̀gbọ́n mi obìnrin nìyẹn. Opó ni, ó fi ọdún mẹ́jọ jù mí lọ, ọ̀kan nínú àwọn ìyá àgbà ṣọ́ọ̀ṣì Aládùúrà sì ni. Ó gbà wá tọwọ́ tẹsẹ̀, n kò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n aago mẹ́rin ìdájí ló ń lu agogo àdúrà sí wa lórí, lójoojúmọ́ tí Ọlọ́run dá, àwa tí a tẹ́ ẹní sílẹ̀ ní pálọ̀ rẹ̀. Bí mo bá ní orúnkún ń dùn mí, á ní kí n dìde dúró gbàdúrà náà, pé ọ̀run kò ní àga. Ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tó ń tọrọ àyè láti na ẹsẹ̀! Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, mo búra níwájú ìyàwó mi pé kí òjò ńlá tó bẹ̀rẹ̀, páànù tuntun máa wà lórí ilé wa, bí ó bá ṣe pé èmi fúnra mi ni màá lọ nà gbalaja sórí igi àjà.

Oko kòkó mi wà nísàlẹ̀ òkè, níbi tí ọ̀nà àtijọ́ tí àwọn bàbá wa gbà sọ̀kalẹ̀ láti Òkè Ìdànrè ti já sí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Mo rò ó pé odindi ìlú kan kò lè kó ẹrù sọ̀kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn gígùn bẹ́ẹ̀ kí nǹkan má bọ́ sílẹ̀. Èmi tí mo kó láti ilé mi dé ilé ẹ̀gbọ́n mi, tí kò jìnnà ju ìsọ̀kò kan lọ, mo sọ ẹsẹ̀ bàtà kan nù. Mo gbé ẹ̀rọ, mo gbé ọkọ́, mo sì fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbẹ́ ilẹ̀ bí òkété. Mo rí agolo sadíìnì. Mo rí ojú àdá tí ìpẹtà ti jẹ kù bí ewé. Mo rí kọ́kọ́rọ́ ilé wa, èyí tí mo fẹ̀sùn kan ìyàwó mi pé ó sọ nù ní nǹkan bí ogún ọdún sẹ́yìn. Ìyẹn, mo tún un sin kíákíá, mo sì fi ẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ rẹ̀ mọ́lẹ̀ dáadáa.

Ọjọ́ tí mo fẹ́ jáwọ́ ni ẹ̀rọ náà lọgun lábẹ́ igi obì kan. Mo gbẹ́ ẹ dé ìgbọ̀nwọ́. Òrùka irin kékeré kan ló jáde, kò fẹ̀ ju ọrùn ẹsẹ̀ ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń rá lọ, ṣaworo idẹ mẹ́ta sì so mọ́ ọn. Mo fi omi fọ̀ ọ́, mo fi ìyẹ̀pẹ̀ bó o. Mo mì ín. Méjì kò fọhùn, àmọ́ ẹ̀kẹta dún, ó dún wẹ́rẹ́, bí ẹni tó jí lójú oorun tó ń béèrè pé ta nìyẹn.

N kò fi han ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ̀rù bà mí kó má pè é ní òrìṣà, kó má da epo àdúrà sí i kó sì jù ú sódò. Ìyàwó mi nìkan ni mo fi hàn, òun ló sì rán mi létí ọkùnrin kan ní Àkúrẹ́ tó máa ń ra nǹkan àtijọ́. Mo pè é. Ó ní òun ń bọ̀ lọ́jọ́ Àìkú. Ìyẹn dùn mọ́ mi, torí pé lọ́jọ́ Àìkú, ẹ̀gbọ́n mi kì í ti ṣọ́ọ̀ṣì dé kí oòrùn tó wọ̀.

Ọkùnrin náà dé, ó wọ bàtà funfun nínú ẹrọ̀fọ̀ wa. A jókòó ní fàráńdà ẹ̀gbọ́n mi. Ó yí ṣaworo náà sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó fi fóònù yà á, ó sì ṣe ojú bíi pé ó ń ṣe mí lóore.

“Bàbá, idẹ kékeré lásán nìyí o. Orí òṣùwọ̀n la ó gbé e sí. Àyàfi tó bá ní ìtàn.”

“Ìtàn báwo?”

“Pé ta ló ni ín, kí ló fi ṣe. Àwọn tí mò ń tà á fún, ìtàn gan-an ni wọ́n ń rà.”

Mo wo ojú ìyàwó mi. Ó ti mọ ohun tó ń bọ̀, ó ti gbé ojú lọ sọ́dọ̀ adìyẹ. Ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ fún ẹ̀yin tí ẹ ń kà á: n kò mọ ẹni tó ni ṣaworo náà ju bí ẹ̀yin ṣe mọ̀ ọ́n lọ. Ìwé mẹ́rin ni mo kà, olùkọ́ wa sì sọ nígbà náà pé ìṣirò kò wọ̀ mí lórí, àmọ́ pé tó bá jẹ́ irọ́ ni wọ́n fi ń ṣe ìdánwò, màá gbégbá orókè. Mo wúkọ́, mo bẹ̀rẹ̀.

Mo ní ẹsẹ̀ ìyá mi ló ti bọ́. Mo ní lórí òkè níbi tí wọ́n bí i sí, etí àpáta kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà wọn, bí ọmọ bá rá ré kọjá àárò, ó di ìsàlẹ̀. Nítorí náà ni ìyá àgbà, ìyá tó bí màámi, ṣe so ṣaworo mọ́ ọn lẹ́sẹ̀. Tí ó bá ń dún, ìyá àgbà ń lọ ata. Tí ó bá dákẹ́, gbogbo àdúgbò á ju iṣẹ́ sílẹ̀. Mo ní ó dákẹ́ lọ́jọ́ kan. Wọ́n wá ọmọ títí, àwọn obìnrin ti ká ọwọ́ lé orí, àfi bí wọ́n ṣe bá a lórí ẹ̀yìn ẹkùn kan tó sùn sínú ihò àpáta, ó di etí ẹkùn náà mú, ó ń rẹ́rìn-ín. Mo ní ọjọ́ tí ìlú ń sọ̀kalẹ̀, tí wọ́n pọ̀n ọ́n bọ̀, ni ṣaworo náà já. Mo rí i tí ojú ará Àkúrẹ́ ń fẹ̀ sí i, mo sì ń rí páànù lójú ara mi, ó ń gorí ilé lọ́kọ̀ọ̀kan.

Ni a bá gbọ́ nǹkan tó ṣubú lẹ́yìn wa. Bọ́kẹ́ẹ̀tì omi ìyàsímímọ́ ni. Ẹ̀gbọ́n mi dúró níbẹ̀ nínú aṣọ funfun rẹ̀, kò sí bàtà lẹ́sẹ̀ rẹ̀, omi ń ṣàn lọ láàárín ọmọ ìka rẹ̀. Èébì ló ń gbé e láti àárọ̀, wọ́n ti ní kó kúrò ní ṣọ́ọ̀ṣì kó máa lọ sílé.

“Ta ló sọ ọ́ fún ẹ?”

Mo ní, “Màámi ni.”

Ó gba ṣaworo náà lọ́wọ́ ọkùnrin yẹn láìtọrọ, ó mì ín sétí. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ nínú omi, ó bẹ̀rẹ̀ sí sunkún bí ọmọdé. Ó ní, “Màámi wá a títí wọ́n fi kú. Gbogbo ìgbà tá a bá lọ ṣa kòkó, èmi ni wọ́n ń rán lọ wo abẹ́ igi obì. Ìwọ kò tíì gbọ́n nígbà náà.” Ó nu imú rẹ̀. “Àmọ́ irọ́ ni ti ẹkùn, àbúrò mi. Ewúrẹ́ ni. Ẹ̀yìn ewúrẹ́ ni wọ́n ti bá Màámi.”

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi kò tíì kúrò ní fàráńdà tí òtítọ́ fi bọ̀ ọ́ lọ́wọ́, tó sì ń tún un ṣe. N kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni pé abẹ́ igi obì ni mo ti rí i, bí kò ṣe ìyàwó mi. Tàbí ìyàwó mi ti sọ fún un? Tàbí ó ti ń fetí kọ́ ọ̀rọ̀ wa láti ìbẹ̀rẹ̀? Ẹ rántí pé bàbá kan náà, ìyá kan náà ló bí wa. Ohun tó wà lẹ́nu mi yìí, n kò rà á lọ́jà.

Ọkùnrin Àkúrẹ́ ni kò jẹ́ kí n ronú lọ títí. Ó ti yọ fóònù. Ó tẹ̀ síwájú ẹ̀gbọ́n mi, ó ní, “Màmá, ẹ dákun, ẹ tún un sọ látìbẹ̀rẹ̀. Ẹ má nu ojú yín. Bàbá, èyí máa gbé owó rẹ̀ sókè gan-an ni o.”

Mo dìde. “Kò ṣeé tà.”

“Bàbá, mo ní màá fi kún un!”

“Ìwọ ọmọ yìí, o kò gbọ́ ni? Ẹsẹ̀ ìyá mi ni. Gbé fóònù kúrò lójú ẹ̀gbọ́n mi kí n tó bá ọ gbé e sínú ṣáláńgá.”

Ìyàwó mi wo ọ̀run. Ó ti ṣú láti ìhà òkè Orósùn, dúdú kirikiri. Ó ní, “Òjò ń bọ̀, Bàbá. Ẹ ti búra fún mi.” Ohùn rẹ̀ kò le, ìyẹn ló sì gún mi jù. Mo wo ilé wa lódìkejì, tí igi àjà rẹ̀ yọ síta bí egungun ìhà màlúù. Mo mọ̀ pé bí mo bá na ọwọ́ sí ṣaworo náà, ẹ̀gbọ́n mi á gbé e fún mi láìjiyàn. N kò na ọwọ́. Mo fi ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, mo dì wọ́n mú síra wọn. Mo ní, “Màá bo ilé yẹn. Àmọ́ a kò ní fi èyí bò ó.”

Ìyàwó mi yíjú sí àlejò wa, ó rọra béèrè, “Ọ̀gá, ẹ kò béèrè ohun tó bá wa rí i?” Ó wọlé lọ, ó gbé ọ̀pá náà jáde, ó nù ún pẹ̀lú etí ìró rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ fi ọmọ fọ́kọ. Ẹnu mi tún là. Mo sọ fún un pé ẹ̀rọ yìí kì í ké sí ohun tí kò ní ìtàn, pé ó ti kọjá lórí irin lásán lójú mi tó ṣe bí ẹni tí kò rí i. Kí òjò tó kán, ará Àkúrẹ́ ti ka owó lé ìyàwó mi lọ́wọ́, ó sì ti gbé e sẹ́yìn ọkọ̀. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni káfíńtà dé. Èmi ni mo ń na páànù sí i lókè, orúnkún mi ń pariwo, n kò sì sọ̀kalẹ̀ títí a fi kan ìṣó tó kẹ́yìn.

Ó ti ṣe díẹ̀ báyìí. Bí òjò bá ń rọ̀, ẹ̀gbọ́n mi máa ń wá jókòó sọ́dọ̀ wa, ó ní páànù tiwa ń dún dáadáa ju tòun lọ. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni ṣaworo náà wà. Bí àwọn ọmọ-ọmọ wa bá ti ìlú ńlá dé, ó máa ń sọ ìtàn rẹ̀ fún wọn, ó sì ti dára ju bí mo ṣe sọ ọ́ lọ: ewúrẹ́ náà ti ní orúkọ, ìyá àgbà ti ní orin kan tó ń kọ sí i. Mo máa ń gbọ́ ọ, mo máa ń mi orí. Nígbà míì á yíjú wò mí láàárín ọ̀rọ̀, a ó jọ wo ara wa, n kò sì lè sọ bóyá ọmọ tó ń rántí ìyá rẹ̀ ni mò ń wò, tàbí ẹni tó mọ̀ pé irọ́ lásán ni, tó sì fi irọ́ tirẹ̀ gbè é nítorí kí n má bàa ta nǹkan tó lè jẹ́ ti ẹsẹ̀ ìyá ẹlòmíì.

Mo ti fẹ́ bi í ní ọ̀pọ̀ ìgbà. Ṣùgbọ́n bí mo bá bi í, èmi ni mo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jẹ́wọ́, àwa méjèèjì sì ti dàgbà ju kí ẹnì kan nínú wa ṣáájú lọ.