Orúkọ Ìràwọ̀ Tí Mo Gbé Mì

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Agbowó, mo pa irọ́ kan tí n kò tíì rí ọ̀nà àtigbé padà. Ẹ jẹ́ kí n tètè jẹ́wọ́ rẹ̀, kí ẹ̀yin tí ẹ ń kà á má baà rò pé ẹlòmíràn ló jẹ̀bi.

Ìyá tó bí bàbá mi ló ni oko tí à ń lọ nígbà náà, nítòsí ibi tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ilé-ẹ̀kọ́ gíga sí. Bí oòrùn bá ti ń wọ̀, tí a ń di igi ìdáná wa, Ìyá á nàka sókè. Èyí tó kọ́kọ́ yọ, àgùàlà ni. Bó bá sún mọ́ oṣù, wọ́n á ní ajá oṣù dé. Àwọn kéékèèké tó ṣù jọ sójú kan, adìẹ tòun tọmọ rẹ̀ ni. Nígbà tí adìẹ yìí bá ti ń bá oòrùn wọlé, wọ́n á ní kò yẹ kí irúgbìn àgbàdo ṣì wà nínú igbá mọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, òyìnbó kan wá bá wa lóko pẹ̀lú ìwé àti pẹ́ńsù. Ó fẹ́ mọ orúkọ tí àwa ń pe ìràwọ̀. Èmi tí mo ti dé ìwé mẹ́rin ni ògbufọ̀. Ìyá ka gbogbo rẹ̀, wọn ò fi ọ̀kan pa mọ́. Ojú wá ń tì mí. Ajá! Adìẹ! Mo rò pé yóò fi wá ṣe ẹlẹ́yà. Ni mo bá sọ fún un pé ìràwọ̀ lásán ni Ìyá ń pe gbogbo wọn. Ó kọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo, ó pa ìwé dé, ó lọ.

"Ọkọ mi, ṣé ó kọ ọ́?"

"Ó kọ ọ́, Ìyá."

"Ti adìẹ ńkọ́? Kó má lọ kọ àkùkọ o! Àwọn wọ̀nyí ò mọ ìyàtọ̀."

"Adìẹ ló kọ."

Inú wọn dùn. Gbogbo ẹni tó bá yà kí wọn ni wọ́n ń sọ fún pé ìràwọ̀ àwọn ti wọ ìwé. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń sọ títí wọ́n fi kú.

Ní báyìí, Bódìjà ni mo ti ń mọ bíríkì. Bí a bá ṣíwọ́, mo máa ń bi àwọn ẹlẹgbẹ́ mi léèrè orúkọ ìràwọ̀ kan tó sọnù lọ́kàn mi. "Ṣé o fẹ́ lọ mọlé lọ́hùn-ún ni?" ni wọ́n ń wí. Mo bi àwọn àgbà ní Dùgbẹ̀, wọ́n ní, "Iná mànàmáná ti dé, ta ló tún ń wojú ọ̀run?" Inú a bí mi sí wọn, kí n tó rántí pé èmi gan-an ni mo ni ẹ̀bi.

Mo ti kọ àgùàlà, ajá oṣù àti adìẹ síbí. Ó ku àwọn ìràwọ̀ mẹ́ta tó tò gbọọrọ bí ẹni ń lọ odò. Mo rántí ìka Ìyá, mo rántí bí wọ́n ṣe rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n ń pè wọ́n. Orúkọ náà ni kò wá. Gbèsè rẹ̀ ni mo ṣì jẹ Ìyá.