Àgbà Ló Ń Kọ́kọ́ Mú

Nígbà tí a wà ní kékeré ní Ìkàrẹ́, ọmọ tó kéré jù nínú ilé wa ló ń pín ẹran, àgbà ló sì ń kọ́kọ́ mú. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi mọ ohun tí mò ń sọ. Màmá wa á gbé abọ́ ọbẹ̀ ẹ̀gúsí sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iyán, Tọ́pẹ́ àbúrò mi á gé ẹran sí mẹ́ta, yóò máa fojú wọ̀n ọ́n títí ọbẹ̀ á fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tutù, nítorí ó mọ̀ pé èyí tó bá kéré jù ni tòun. Bọ̀ọ̀dá Délé ẹ̀gbọ́n wa á mú, èmi á mú, Tọ́pẹ́ á mú èyí tó kù. Bó bá fẹ́ sunkún, Màmá á ní, "Àgbà ló ń kọ́kọ́ mú. Bó o bá dàgbà, ìwọ náà á mú." Kò sẹ́ni tó rò ó nígbà náà pé kò sí bí Tọ́pẹ́ ṣe lè dàgbà tó, kò lè dàgbà ju Délé lọ.

Àpáta ńlá kan wà lẹ́yìn ilé wa tí orí rẹ̀ tẹ́jú, ibẹ̀ ni gbogbo àdúgbò ń sá láfún sí. Lọ́jọ́ Sátidé, a ó pọnmi kún àgbá méjèèjì, a ó fọ aṣọ ilé-ìwé, a ó gbé láfún gun orí àpáta kí oòrùn tó mú. Òórùn láfún tútù yẹn kò tíì kúrò nímú mi dòní. Tíṣà ni Bàbá wa, ní ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ọ̀kà. Alùpùpù ló ń gùn lọ láràárọ̀, bó bá sì ti dé lọ́sàn-án, kó tó bọ́ bàtà, ohun tó máa béèrè ni pé, "Délé dà?" Kì í béèrè àwa méjì tó kù. Kì í ṣe pé kò fẹ́ràn wa, ó kàn gbà pé ibi tí Délé bá wà, a ó wà níbẹ̀. Òótọ́ sì ni.

Àbúrò Bàbá tó ń gbé Èkó ló gbé géèmù kan wá fún wa lọ́dún Kérésì. Ó ti lò ó gbó. Páàdì méjì tí wọ́n fi ń darí rẹ̀ ló bá a wá, ọ̀kan ò ṣiṣẹ́. Gbogbo ilé tó ní géèmù lákòókò yẹn, bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń gbá nínú rẹ̀, àmọ́ tiwa ò ní bọ́ọ̀lù. Ìtàn ni: wọ́n jí oòrùn ìlú kan gbé, èèyàn mẹ́ta sì gbéra láti wá a lọ. Ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ pọ̀ ju ìjà lọ, Gẹ̀ẹ́sì ni gbogbo rẹ̀. Bọ̀ọ̀dá Délé ló ń túmọ̀ rẹ̀ fún wa. Lẹ́nu tirẹ̀, ọba inú géèmù máa ń sọ̀rọ̀ bí alàgbà ìjọ wa, á kọ́kọ́ kí gbogbo èèyàn kú ìjókòó kó tó pàṣẹ ogun.

Géèmù náà ní ká sọ àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lórúkọ. A ò ronú lẹ́ẹ̀mejì. Jagunjagun tó ga jù ni Délé. Obìnrin oníwòsàn tó wọ aṣọ funfun, tó ń mú ọ̀pá lọ́wọ́, ni Yẹ́misí, ìyẹn èmi. Tafàtafà kékeré tó ń rìn lẹ́yìn ni Tọ́pẹ́. Bí a ṣe ń rìn nínú igbó ni àwọn ẹranko abàmì ń yọ sí wa, ẹni tó bá sì pa wọ́n ni ìpele agbára rẹ̀ ń gòkè. A máa ń rí nǹkan kó lójú ọ̀nà pẹ̀lú: idà, ẹ̀wù irin, bàtà, àti èso pupa kan tó jẹ́ pé ẹni tó bá jẹ ẹ́, agbára rẹ̀ á lé sí i títí láé.

Báwo la ṣe pín wọn? Ẹ gbà mí gbọ́, kò sẹ́ni tó kọ́ wa. Tọ́pẹ́ á mú páàdì, á tẹ́ gbogbo ohun tá a rí sílẹ̀ lójú tẹlifíṣọ̀n, Bọ̀ọ̀dá Délé á sì kọ́kọ́ mú. Èso pupa mẹ́rìnlá la rí látìbẹ̀rẹ̀, òun ló jẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rìnlá. Nígbà kan a rí ìbọ̀wọ́ kan tí wọ́n kọ ọ́ sí lára pé ti tafàtafà ni. Bọ̀ọ̀dá Délé kà á síta, kò fi pamọ́ fún wa. Gbogbo wa wo ara wa. Ṣé tafàtafà kékeré wá máa wọ ohun tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ò tíì wọ̀ ni? Tọ́pẹ́ fúnra rẹ̀ ló tẹ̀ ẹ́ fún Délé. Jagunjagun wa wà ní ìpele ogójì nígbà tí èmi wà ní ìpele mẹ́jọ, Tọ́pẹ́ sì wà ní méje. Inú wa dùn. Àwọn ọmọ àdúgbò máa ń wá dúró lójú fèrèsé láti wo bí Délé ṣe ń fi idà kan ṣoṣo pa ẹranko mẹ́ta, inú tèmi ló máa ń dùn jù.

Ọjọ́ kan wà tí òjò dé, tí láfún ṣì wà lórí àpáta. Gbogbo wa la gbọ́ òjò. Èmi ni mo sọ pé ká jẹ́ kí jagunjagun parí ìjà tó ń jà ná. Nígbà tá a máa jáde, omi ti ń ṣàn funfun látorí àpáta lọ sí ilẹ̀ bí ògì. Màmá káwọ́ lérí. Bàbá dé láti Ọ̀kà, ó já pàṣán, ó tò wá sí ìlà. Àgbà ló ń kọ́kọ́ mú, títí kan pàṣán. Bọ̀ọ̀dá Délé gba mẹ́fà tirẹ̀ láìsunkún. Nígbà tó kàn mí, ó yí padà sí Bàbá, ó ní, "Ẹ fún mi ní ti Yẹ́misí náà, sà. Èmi ni mo ní kí wọ́n má jáde." Irọ́ ló pa. Bàbá sì fún un ní mẹ́fà mìíràn. Mo sọ èyí kí ẹ má baà rò pé ọ̀kánjúwà ni ẹ̀gbọ́n mi. Bó bá jẹ́ ọ̀kánjúwà ni, ì bá rọ̀ mí lọ́rùn.

Ohun tá a bá ti ṣe nínú géèmù, inú káàdì kékeré kan là ń séèfù rẹ̀ sí, kó má baà sọnù bí wọ́n bá mú iná lọ. Àyè kan ṣoṣo ló kù nínú káàdì náà. Bí a bá séèfù tuntun, ti tẹ́lẹ̀ á pa rẹ́.

Nígbà ìsinmi ọlọ́jọ́ gbọọrọ la dé inú ihò àpáta kan, níbi tí ońṣẹ́ ọba ti wá bá wa. Bọ̀ọ̀dá Délé túmọ̀ ọ̀rọ̀ rẹ̀ tẹ̀rín-tẹ̀rín: ọba ń pe jagunjagun kó wá bá òun jagun lókè òkun. Wọ́n ní jagunjagun nìkan. Ọkọ̀ ojú omi gbé e lọ, tòun ti idà, tòun ti ẹ̀wù irin, tòun ti ìbọ̀wọ́ tafàtafà àti èso mẹ́rìnlá nínú ikùn rẹ̀. Géèmù bi wá bóyá ká séèfù. Tọ́pẹ́ tẹ bẹ́ẹ̀ ni. Òkúta ńlá sì dí ẹnu ihò náà mọ́ èmi àti Tọ́pẹ́ lẹ́yìn.

Afárá kan ló wà níwájú wa, ẹranko kan tí gbogbo ara rẹ̀ jẹ́ òkúta ló dúró lórí rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan ló máa ń gbá mi, mo kú. Ẹ̀ẹ̀kan ló máa ń gbá Tọ́pẹ́, òun náà kú. Odindi ìsinmi la fi gbìyànjú. Bọ̀ọ̀dá Délé fúnra rẹ̀ gba páàdì, ó jókòó tì í fún ọjọ́ mẹ́ta, kò rí i ṣe. Níkẹyìn ó gbé páàdì sílẹ̀, ó wò wá bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí wa.

Ó ní, "Àṣé ẹ̀yin méjèèjì ò lágbára kankan."

Tọ́pẹ́ ní, "Ẹ̀yin lẹ jẹ gbogbo èso ẹ̀, Bọ̀ọ̀dá."

Èmi ni mo wá dábàá pé ká bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, ká pín nǹkan dọ́gba lọ́tẹ̀ yìí. Bọ̀ọ̀dá Délé kọ̀. Ó ní wàhálà oṣù mẹ́jọ kì í ṣe ohun téèyàn ń dà nù, ká ṣáà ní sùúrù, jagunjagun á padà wá, torí nínú irú géèmù báyìí wọ́n máa ń padà wá. A gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n kò sí ìdúró nínú géèmù. Ìgbàkúùgbà tá a bá tàn án, àwa méjì náà la máa ń bá níwájú afárá, níbi tá a fi wọ́n sí. Níjọ́ kan iná dé pẹ̀lú agbára tó pọ̀ jù, ó jó tẹlifíṣọ̀n àti géèmù pọ̀. Wọ́n ṣì wà níwájú afárá nígbà náà.

Mi ò ronú kàn án mọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Bọ̀ọ̀dá Délé parí ẹ̀kọ́ rẹ̀, kò ríṣẹ́. Bàbá ta oko kòkó wa tó wà lọ́nà Ọ̀gbàgì, ó ta ilẹ̀ tó fẹ́ kọ́lé sí ní Ọ̀kà, kí Délé lè rí ọ̀nà lọ sókè òkun. Ọdún yẹn gan-an ni ìwé ìgbaniwọlé tèmi jáde ní yunifásítì. Bàbá pè mí sí pálọ̀. Ohùn rẹ̀ rọlẹ̀, ojú ń tì í díẹ̀. Ó ní, "Yẹ́misí, ní sùúrù. Jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n rẹ kọ́kọ́ lọ. Bó bá ti fẹsẹ̀ múlẹ̀, á fà yín." Mo ní mo gbọ́, sà. Mo fi ìwé náà sínú Bíbélì mi, mo lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Tọ́pẹ́ náà fi ilé-ìwé sílẹ̀ níbi tó bá a dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀kadà kó èrò láàárín Ìkàrẹ́ àti Ọ̀kà. Kò sẹ́ni tó fipá mú wa, bí kò ti sẹ́ni tó fipá mú wa nídìí èso pupa.

Fún ọdún méjì, Bọ̀ọ̀dá Délé ń pè wá ní gbogbo ọjọ́ Àìkú. Ó di oṣooṣù. Ó di ìgbà Kérésì. Nígbà tó yá, nọ́ńbà rẹ̀ ò lọ mọ́. Ẹnì kan ní òun rí i, ó ti gbéyàwó. Ẹlòmíì ní kì í ṣe òun. Títí di bí mo ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ yìí, mi ò mọ̀ bóyá ẹ̀gbọ́n mi wà láàyè.

Àrùn rọpárọsẹ̀ wá kọ lu Bàbá. Apá ọ̀tún rẹ̀ kú, ẹnu rẹ̀ wọ́. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló ṣì ń já gaara lẹ́nu rẹ̀: "Délé dà?" Èmi ni mo ń wẹ̀ ẹ́, èmi ni mo ń fún un ní ẹ̀kọ mu, Tọ́pẹ́ ló ń gbé e. Lójú àwa méjèèjì ló ti ń béèrè. Dókítà sọ ìtọ́jú tó yẹ ká ṣe. Tọ́pẹ́ ta ọ̀kadà rẹ̀, mo ta ẹ̀rọ ìránṣọ mi méjèèjì, kò dé ìdajì ọ̀nà. Èmi ni oníwòsàn, ìpele mẹ́jọ. Mo jókòó lẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì rẹ̀, mò ń di ọwọ́ rẹ̀ tó ti kú mú, mi ò sì ní nǹkan kan tí mo lè ṣe sí i. Ó kú ní àárọ̀ ọjọ́ kan tí òjò ń rọ̀.

Nídìí sàréè, pásítọ̀ ní kí àwọn ọmọ wá bu erùpẹ̀, bẹ̀rẹ̀ láti orí àgbà. Èmi àti Tọ́pẹ́ dúró. Erùpẹ̀ wà níbẹ̀, ṣọ́bìrì wà níbẹ̀, a ò lè mú un. Kì í ṣe pé a ń ṣorí kunkun. Ọwọ́ wa ni kò na. Pásítọ̀ tún ọ̀rọ̀ rẹ̀ sọ. Àwọn èèyàn bẹ̀rẹ̀ sí í wo ara wọn. Màmá ló sọ̀rọ̀ láti orí àga tí wọ́n gbé e jókòó sí, ó ní, "Ẹ dúró de Délé ná." Mo wo ojú rẹ̀ bóyá orí rẹ̀ ló ti ń dàrú. Kò dàrú. A dúró títí tí pásítọ̀ fi bu erùpẹ̀ àkọ́kọ́ fúnra rẹ̀, ó sọ ọ́ sílẹ̀ lórúkọ Délé, lẹ́yìn náà ni mo tó bu tèmi.

Ayé ti yí padà, ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi. Láyé ìgbà náà, géèmù kan ni gbogbo àdúgbò ń wò lójú fèrèsé. Lónìí, inú fóònù tí mo fi ń pe àwọn oníbàárà mi ni àwọn ọmọ mi ti ń gbá tiwọn, wọn ò sì nílò káàdì. Kò sẹ́ni tó ń sá láfún lórí àpáta mọ́, wọ́n ti kọ́lé sí i. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí máa ń bá òbí jiyàn, mo sì ti pinnu tipẹ́ pé nínú ilé tèmi, dọ́gbadọ́gba la ó máa pín nǹkan. Ẹran ilé mi, èmi ni mò ń pín in, mo máa ń gé e kó dọ́gba.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, mò ń rán aṣọ lọ́wọ́ nígbà tí Ìbùkún ọmọ mi kékeré gbé fóònù wá. Ikọ̀ jagunjagun ni òun náà ń kọ́ nínú géèmù rẹ̀, ó ti fi orúkọ gbogbo wa sọ wọ́n: èmi, òun, àti Tímí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí idà kan. Ó ní, "Màmi, ta ni kí n fún?"

Mi ò gbójú kúrò lára abẹ́rẹ́. Mo ní, "Fún ẹ̀gbọ́n ẹ."

Kí n tó gbọ́ ohun tí mo sọ, ó ti fún un. Kò tiẹ̀ bá mi jiyàn.