Ẹ̀yìn Bàbá Tí N Kò Fọwọ́ Kàn

Mo rántí ìgbà tí mo ń ṣe apòògùn ní kẹ́mísì kan ní Peckham nílùú Òyìnbó, tí òórùn ẹja tútù láti ṣọ́ọ̀bù kejì máa ń bá wa dé ìdí káńtà. Inú mi máa ń dùn sí aṣọ funfun tí mo ń wọ̀ nígbà náà. Bí àwọn ìyá ìjọ bá pè mí ní dókítà, n kì í tètè dá wọn lẹ́kun, màá jẹ́ kó dùn mọ́ mi díẹ̀ kí n tó ní, "Apòògùn ni mí, mà."

Bàbá kan wà, awakọ̀ bọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì, tí wọ́n máa ń ti Kennington wá torí pé mo gbọ́ Yorùbá. Ẹ̀yìn ń dùn wọ́n. Dókítà tó ń bá wọn sọ̀rọ̀ lórí fóònù ló ń fi ìwé oògùn ránṣẹ́ sí wa, èmi ni mo sì ń di oògùn náà fún wọn. Ohun tó bá ń dunni ní í pọ̀ lọ́rọ̀ ẹni: wọ́n á fara ti káńtà, wọ́n á máa ròyìn ìrora náà bí ẹni ń ròyìn àlejò tó kọ̀ tí kò lọ. Nígbà míì wọ́n á kọ ẹ̀yìn sí mi.

"Ọmọ mi, ibí yìí ni. Fọwọ́ kàn án wò."

Màá rẹ́rìn-ín. "Bàbá, iṣẹ́ dókítà nìyẹn, sà. Ẹ ní kí wọ́n rí yín lójúkojú. Ẹ máa lo oògùn yín lẹ́yìn oúnjẹ."

"Mo gbọ́," wọ́n á ní, wọ́n á sì gba oògùn wọn, wọ́n á lọ.

Ó ṣe, n kò rí wọn mọ́. Mo rò pé wọ́n ti lọ sílé, sí Nàìjíríà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, ìyàwó wọn wọlé nínú aṣọ dúdú, wọ́n gbé báàgì kan lé káńtà. Wọ́n ní Bàbá ti kú. Jẹjẹrẹ ti jẹ egungun ẹ̀yìn wọn kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀. Wọ́n wá dá oògùn tó ṣẹ́kù padà. Mo tú báàgì náà: gbogbo páálí tí mo ti ń dì fún Bàbá ló wà níbẹ̀, wọn ò ṣí ọ̀kankan.

"Mà, ṣé wọn ò lò ó ni?"

"Wọn ò lò ó. Mo bi wọ́n pé kí ló wá ń gbé wọn lọ sí Peckham. Wọ́n ní ọmọ yẹn á fọwọ́ kàn án lọ́jọ́ kan."

Kò sí ẹ̀sùn nínú ohùn Màmá. Ìyẹn ló burú jù.

Láti ìgbà náà, ẹ̀yìn ènìyàn kò jẹ́ kí n gbádùn. Nínú ilé ìkẹ́rùsí tí ìjọ wa sọ di ṣọ́ọ̀ṣì, ẹ̀yìn àwọn tó jókòó níwájú mi ni mò ń wò, n kì í gbọ́ ohun tí pásítọ̀ ń sọ. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó ń gbé ní Amẹ́ríkà ló sọ fún mi nípa ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn tí wọ́n ń pè ní ọ́stíópátì, níbi tí dókítà ti ń kọ́ bí a ṣe ń fi ọwọ́ wá àìsàn nínú egungun àti iṣan.

Mo lọ bá ìyá mi ní Catford. Wọ́n ní, "Ẹni tó bá lé eku méjì á pòfo. Iṣẹ́ rere lo fẹ́ fi sílẹ̀ yìí. Ṣé ẹnìkan ń lé ẹ níbẹ̀ ni?"

"Rárá, Mummy."

N kò lè sọ pé ẹni tó ń lé mi kì í ṣe alààyè.

Nígbà tí ọ̀kan lára àwọn ilé ẹ̀kọ́ bẹ́ẹ̀ tí mo kọ̀wé sí fi ọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò lórí kọ̀ǹpútà, mo ti há ọ̀rọ̀ dídùn sórí. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ nípa Bàbá ló jáde lẹ́nu mi. Olùkọ́ tó ń bá mi sọ̀rọ̀ bi mí pé, "Tí o bá fọwọ́ kàn án, tí o rí i, tí o kò sì lè wò ó sàn ńkọ́?"

"N kò mọ̀, sà. Ṣùgbọ́n ẹni náà kò ní dá nìkan mọ̀ ọ́n."

Wọ́n gbà mí. Ìyá mi sunkún ní pápákọ̀ òfuurufú, wọ́n sì gbàdúrà fún mi.

Amẹ́ríkà ni mo wà báyìí. Mo rò pé tí mo bá ti kọ́ iṣẹ́ náà, ara á rọ̀ mí. Nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ní ká fọwọ́ lé ẹ̀yìn ara wa ní kíláàsì, ọmọkùnrin kan tí ara rẹ̀ le koko ni wọ́n fún mi. Mo di ojú. Ọwọ́ mi ń lọ láti eegun dé eegun, kò fẹ́ kúrò.

"Ṣé o rí nǹkan kan ni?" ó bi mí, ẹ̀rù ti ń bà á.

"Rárá," mo ní. "Kò sí nǹkan kan níbẹ̀."

Títí dòní, n kò mọ̀ bóyá òun ni mo dá lóhùn àbí Bàbá.