Yanrìn Inú Àpò Funfun

Bí ẹnikẹ́ni bá tún ní kí n bá ẹgbẹ́ rìnrìn àjò afẹ́, màá ní ẹsẹ̀ ń dùn mí. Irọ́ ni, ẹsẹ̀ mi le koko. Èyí tí mo lọ nígbà tí ìjọba alágbádá padà dé ti tó mi láyé.

Aránṣọ ni mí. Fádèyí l'Èkó ni ṣọ́ọ̀bù mi wà, mo sì wà nínú ẹgbẹ́ àwa aránṣọ obìnrin ibẹ̀. Lọ́dún tí àwọn ṣọ́jà gbéjọba sílẹ̀, ara gbogbo èèyàn yá gágá. Ìyá Ẹgbẹ́ wa ní àfi ká jáde lọ fẹ́ atẹ́gùn: ká lọ sí Ùmúáhíà, lọ wo ibi tí wọ́n kó àwọn ohun ìjà ogun abẹ́lé sí, lẹ́yìn náà ká ná ọjà Àbá. Inú mi dùn. Nítorí ọjà ni, kí n má purọ́.

Ìyá mi ni kò gbọ́ ti ọjà rárá. Ẹja ló ń tà létí ọ̀sà ní Ìlàjẹ ti Èkó níbí, láti ìgbà tí mo ti wà lọ́mọ ọwọ́. Ṣọ́jà ni bàbá mi, ogun náà gbé e lọ, kò sì padà. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó bọ̀ ló sọ fún wa pé ìtòsí Ùmúáhíà ló kú sí. Nílé wa, bí èèyàn bá kú sí ìdálẹ̀ tí kò ṣeé gbé wálé, irun orí àti èékánná rẹ̀ ni wọ́n ń mú wá sin. Ti bàbá mi, ẹnì kan ò mú nǹkan kan wá. Fún nǹkan bí ọgbọ̀n ọdún, ìyá mi jẹ́ opó tí kò sin ọkọ. Àwọn ọ̀gá tó kó wọn lọ ńkọ́? Mo ń rí irú wọn lórí tẹlifíṣọ̀n lọ́dún yẹn, wọ́n ti bọ́ kakí, wọ́n ti wọ agbádá, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

Láàárọ̀ ọjọ́ tí a gbéra, ìyá mi fún mi ní àpò aṣọ funfun kékeré kan tó fọwọ́ ara rẹ̀ rán.

“Bu erùpẹ̀ ibẹ̀ wá fún mi. Ẹ̀kúnwọ́ kan ti tó. Àwọn ẹbí bàbá ẹ ń bọ̀ láti Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́jọ́ Sátidé, a ó fi sin wọ́n.”

“Ẹ má ṣèyọnu, màámi.”

Àbá la sùn sí. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, Ùmúáhíà ló yẹ ká kọ́kọ́ lọ, ṣùgbọ́n Ìyá Ẹgbẹ́ wo aago.

“Ẹ jẹ́ ká ra ọjà first o, kí wọ́n tó ṣa èyí tó fine lọ. Àwọn tó ti kú yẹn ò kúkú ní sá lọ.”

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, ó sì ń korò lẹ́nu mi títí di òní.

Àwọn àgbà ní ẹni tó rán ni níṣẹ́ là ń bẹ̀rù, a kì í bẹ̀rù ẹni tí a ó jẹ́ ẹ fún. Lọ́jọ́ yẹn, èmi ò bẹ̀rù ẹnì kan nínú àwọn méjèèjì. Mo rí síìpù tí mo ti ń wá káàkiri Èkó, gbogbo àwọ̀ tí ojú ń fẹ́. Mo rí bọ́tìnnì, mo rí bàtà. Nígbà tí dẹ́rẹ́bà ń fọn fèrè, èmi gan-an ni wọ́n ń dúró dè. Láìrò ó tì, ọ̀rá tí mo kó síìpù sí fà ya. Mo fa àpò funfun jáde nínú báàgì mi, mo kó síìpù sínú rẹ̀. Ó gbà wọ́n dáadáa.

Ilẹ̀ ti fẹ́ ṣú nígbà tí a dé Ùmúáhíà, wọ́n sì ti fẹ́ tilẹ̀kùn. Wọ́n sáré fi ìbọn hàn wá, wọ́n fi ọkọ̀ ogun onírin hàn wá. Ọ̀kan nínú wa béèrè bóyá wọ́n máa ń ta irin náà. A tò síwájú ọkọ̀ ogun, a ya fọ́tò. Mo tilẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo gbọn erùpẹ̀ pupa ibẹ̀ kúrò lára bàtà tuntun tí mo rà.

Ọjọ́ Jímọ̀ la padà dé Fádèyí. Ìgbà tí mo ń to ẹrù mi, tí mo rí àpò funfun tó yọ ikùn pẹ̀lú síìpù, ni mo tó rántí iṣẹ́ tí ìyá mi rán mi. Ọ̀la ni àwọn ẹbí ń bọ̀. Ládùúgbò wa ní Abúlé Òkúta, ẹnì kan ń kọ́lé, ó ti já yanrìn jọ síwájú ilé. Mo wo ọ̀tún, mo wo òsì. Mo da síìpù sínú báàgì, mo bu ẹ̀kúnwọ́ méjì, mo so ẹnu àpò náà dáadáa.

Ọwọ́ méjèèjì ni ìyá mi fi gbà á. Ó kúnlẹ̀ fún un.

“Ẹ káàbọ̀, bàbá ọmọ mi,” ló wí fún àpò náà.

Lọ́jọ́ Sátidé, pásítọ̀ gbàdúrà, wọ́n gbẹ́ ihò kékeré sí ẹ̀gbẹ́ ilé. Ìyá mi tú àpò náà, ó ń fi ọwọ́ bù ú sínú ihò. Mo rí i tí àwọn ìka rẹ̀ dúró. Lẹ́yìn náà ó ń bá a lọ, títí ó fi bù ú tán. Wọ́n kọrin, ó sunkún, èmi náà sunkún, ṣùgbọ́n ẹ̀rù ló ń pa mí lẹ́kún.

Nígbà tí wọ́n jẹun tán tí wọ́n sì lọ, ó pè mí wọ yàrá, ó la àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Ìkarahun funfun tín-ín-rín kan ló wà níbẹ̀.

“Yanrìn ọ̀sà ni. Ojoojúmọ́ ni mò ń fọ̀ ọ́ kúrò lára ẹja ní Ìlàjẹ. Ṣé o rò pé mi ò ní mọ̀ ọ́n?”

Mo kúnlẹ̀. “Kí ló dé tí ẹ ò sọ̀rọ̀, màámi?”

“Kí n lé àwọn àgbàlagbà padà? Kí n sọ fún wọn pé ọjà lo gbàgbé bàbá ẹ sí?”

Ó lo ọdún mẹ́sàn-án sí i lókè eèpẹ̀. Kò bá mi jà, a jọ ń jẹun, a sì jọ ń ṣàwàdà. Ṣùgbọ́n títí ó fi kú, kò rán mi níṣẹ́ mọ́. Bí iyọ̀ bá tán nílé, tí mo jókòó síbẹ̀ tí n kò ṣe nǹkan kan, á mú ọ̀pá rẹ̀, á lọ rà á fúnra rẹ̀.