Àwòrán Tí Kò Fi Omi Sí Yàrá Orogún Mi

Ọdún tí a bọ́ ìbòmú sílẹ̀, tí mọ́ṣáláṣí Asawase, àdúgbò wa, tún kún bíi ti tẹ́lẹ̀, ni ọmọ orogún mi ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa omíyalé ní yunifásítì. Òun nìkan ni orogún mi bí. Yàrá ìyá rẹ̀ rẹlẹ̀, gọ́tà ńlá sì wà lẹ́yìn fèrèsé. Tí àsìkò òjò bá ti dé, ọ̀dọ̀ mi lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni orogún mi ń gbé ẹní wá sùn.

Ọmọ náà ní kọ̀ǹpútà tó lè ṣe bíi pé òjò ń rọ̀, táá wá fi ibi tí omi máa dé hàn. Kọ̀ǹpútà náà mọ òjò, ó mọ ojú ilẹ̀, àmọ́ kò mọ bí yàrá kọ̀ọ̀kan ṣe rẹlẹ̀ tó. Ìyẹn ni ọmọ náà fúnra rẹ̀ fi kún un. Èmi ni mo bá a di okùn mú nígbà tó ń wọn gbogbo ẹnu ọ̀nà agboolé wa.

Lọ́jọ́ kan, ó gbé àwòrán tí kọ̀ǹpútà yà wá. Ibi tó bá ní àwọ̀ búlúù, omi máa wọ ibẹ̀. Yàrá ìyá rẹ̀ funfun báláú.

Orogún mi bú sẹ́rìn-ín. "Ìyáálé, ẹ gba yàrá yín o. Ẹ ti ń hanrun jù."

"Ta ló ń hanrun? Ìwọ tí eku ń sá fún?"

"Ẹ wò ó, kọ̀ǹpútà ti dá mi sílẹ̀." Ó ká ẹní rẹ̀, ó sọ̀ kalẹ̀.

Kò pẹ́ tí òjò fi dé. Mo wà lọ́jà Krofrom, mò ń ra ẹ̀fọ́ kontomire. Orogún mi kírun àìlà ọ̀sán tán, ó sùn sí yàrá rẹ̀. Omi ti ilẹ̀kùn mọ́ ọn. Nígbà tí àwọn ọkùnrin fi máa já a, ó ti parí.

Lẹ́yìn àdúà ọjọ́ kẹjọ, ọmọ náà ṣí kọ̀ǹpútà níwájú mi.

"Ìyá, nígbà tí mo gé agboolé wa sọ́tọ̀ nínú àwòrán ìlú kí n lè yà á, gbogbo ohun tí mo fúnra mi fi kún un ló jábọ́. Kọ̀ǹpútà ò sọ fún mi. Ó kàn yà á lọ bí ẹni pé ilẹ̀ títẹ́jú ni gbogbo wa ń gbé."

Ó dá wọn padà, ó tún un yà. Búlúù yàrá náà ṣú débi pé n kò rí ilẹ̀kùn mọ́.

Àwọn ọmọ tèmi wá ń sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé kọ̀ǹpútà ni ọmọ náà fi pa ìyá rẹ̀. Ìwọ ọmọ ọmọ mi tí ò ń bá mi kọ ìtàn yìí, kọ ọ́ bí mo ṣe wí i. Bàbá rẹ wà lára wọn. Mo pè wọ́n jọ, mo ní: "Kí wọ́n tó bí yín ni gọ́tà yẹn ti wà níbẹ̀. Gbogbo yín lẹ rí i tí obìnrin yẹn ń gbé ẹní gòkè lọ́dọọdún. Ta nínú yín ló mú okùn wá wọn ẹnu ọ̀nà rẹ̀ rí?"