Ọ̀sán Tí Rédíò Fi Mí Jẹ Kọmíṣánnà

Láyé ìjọba ológun, wọn kì í bi èèyàn kí wọ́n tó fi í jẹ kọmíṣánnà. Orí rédíò ló ti máa gbọ́. Mo ń jẹ ẹ̀bà lọ́wọ́ nínú yàrá tí mo háyà ní Iba nígbà tí mo gbọ́ orúkọ ara mi nínú ìròyìn aago mẹ́rin. Òkèlè há mi lọ́fun. Olùkọ́ yunifásítì lásán ni mí, ìtàn ni mo ń kọ́ àwọn ọmọ, n kò sì bá ṣọ́jà kankan rìn rí.

Kí n tó ṣanwọ́, bàbá onílé mi ti yọ àdá. Ó bẹ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ iwájú ilé lulẹ̀ kí mọ́tò ìjọba lè ríbi dúró sí. Owó epo rọ̀bì ti kún ìlú nígbà náà, kò sì sí ẹni tí kò mọ irú mọ́tò tí kọmíṣánnà ń gùn. Inú bí mi, ẹ̀rín sì tún pa mí.

Ohun tí bàbá onílé kò mọ̀ ni pé ọ̀rẹ́ mi, olùkọ́ bíi tèmi tó ń gbé ní Okokomaiko, ti wà látìmọ́lé. Ó kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn pé kí àwọn ológun padà sí bárékè. Àwọn tó tì í mọ́lé gan-an ló fẹ́ kí n wá bá wọn jókòó. Bí mo bá gbà, mo ti bá wọn ti ilẹ̀kùn náà nìyẹn. Bí mo bá kọ̀, ó lè kan èmi náà. Àwọn kan lára wa ti gba irú ipò bẹ́ẹ̀. Wọ́n ní inú ilé lèèyàn ti ń tún ilé ṣe. N kò bú wọn. Ṣùgbọ́n mo mọ ara mi: bí mo bá wọ ilé yẹn, àga ni n ó wá, n kò ní í wá ìgbálẹ̀.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ìyá mi àti àwọn ẹbí dé láti ìlú wa ní Ògùn, pẹ̀lú adìyẹ àti obì. Nílé tiwa, bí àgbà bá ti pa obì lórí ọ̀rọ̀, tí ẹbí sì jẹ níbẹ̀, ọ̀rọ̀ ti di gbígbà. Ẹni tó bá kọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, ó da àdúrà àgbà nù. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti ń wúre, obì wà lọ́wọ́ wọn. Mo dọ̀bálẹ̀.

“Bàbá, ẹ dákun, ẹ má tíì pa á. N kò ní í gba iṣẹ́ náà.”

Mo sọ ọ̀rọ̀ ọ̀rẹ́ mi fún wọn.

“Ṣé ìwọ nìkan lo kàwé ni?” Bàbá ní. “Àwọn tó ń jẹ ẹ́, ṣé wọn ò kàwé?”

Ilẹ̀ ni ìyá mi ń wò. Ìyẹn dùn mí ju ìbínú Bàbá lọ.

Mo wọ mọ́tò lọ sí ọ́fíìsì àwọn ológun. Ọ̀gá ṣọ́jà tí mo bá níbẹ̀ kò dàgbà ju àwọn tí mo ń kọ́ lọ. Mo sọ fún un pé n kò gba iṣẹ́ náà.

“Ṣé ara yín ni kò yá ni, sà? Tẹ́ ẹ bá ti ní ara yín ò yá, ọ̀rọ̀ ti tán.”

Mo mọ̀ pé àánú mi ló ṣe é. Ṣùgbọ́n bí mo bá pe ara mi ní aláìsàn, ohun tí mò ń sọ ni pé bí ara mi bá yá, n ó wá.

“Ara mi le,” mo ní. “Ọ̀rẹ́ mi wà látìmọ́lé yín. N kò lè bá yín ṣe é.”

Ó wo ẹnu ọ̀nà, ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Ẹ máa lọ sílé, sà. Ẹ tètè máa lọ.”

Ara mi fúyẹ́ débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé ibi tí wọ́n ti ń wọ mọ́tò Ojo.

Àwọn ẹbí ti lọ nígbà tí mo dé. Ìyá mi nìkan ló kù lórí bẹ́ǹṣì níwájú ilé. Wọ́n di ọwọ́ mi méjèèjì mú.

“Wọn ò tì ẹ́ mọ́lé?”

“Rárá, mà.”

“O ò gbà á?”

“N kò gbà á.”

Wọ́n mí kanlẹ̀. “Ọ̀rẹ́ rẹ yẹn ti jẹun nínú abọ́ mi. Mo ti gbọ́ nílé pé wọ́n tì í mọ́lé. Láti ilé wá ni mo ti ń bẹ Ọlọ́run kí n má bá a pé o ti gbà.”

Ìgbà yẹn ni mo tó sunkún.