Kẹ̀kẹ́ Tí Kò Pariwo

Bí aago ọwọ́ rẹ bá kú ní Ìjẹ̀bú-Òde, Abdulhakeem Sàlàkọ́ ni wọn yóò ní kó o gbé e lọ bá. Ọkùnrin náà ti lé ní ọmọ ọdún márùndínláàádọ́ta, ojú ló sì fi ń jẹun. Irin tínínríntín tí ẹlòmíì yóò fi ọwọ́ gbá dànù, òun á rí i níbi tó bọ́ sí. Ohun kejì tí wọ́n mọ̀ ọ́n mọ́ ni kẹ̀kẹ́ ológeere rẹ̀, kẹ̀kẹ́ onítáyà gbàǹgbà, irú èyí tí wọ́n ṣe fún gígun òkè, tí ṣéènì rẹ̀ ń han, tí irin ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń gbọ̀n jìgìjìgì. Kò sẹ́ni tó ń bojú wòde kó tó mọ̀ pé òun ni. Etí ti sọ fún wọn.

Ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀, bí wọ́n bá ti kírun tán, yóò gun kẹ̀kẹ́ náà lọ sí Ìjẹ̀bú-Imùṣin lọ wo Fàtímọ̀, ìyá rẹ̀, opó tó ń dá hun ẹní nínú ilé tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀. Ó ti bẹ̀ ẹ́ títí pé kó wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Lọ́dún mẹ́ta sẹ́yìn ni màmá ní kí àwọn jọ ṣàdéhùn.

"Hakíìmù, ọjọ́ tó o bá wọ àgbàlá yìí tí mi ò dá ọ mọ̀ kó o tó sọ̀ kalẹ̀ lórí kẹ̀kẹ́ rẹ, ọjọ́ náà ni kó o kó ẹrù mi. Mi ò ní í janpata."

Láti ìgbà náà, kò sí ọ̀sẹ̀ kan tí màmá kùnà. Á ti dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú gèlè lórí. "Hakíìmù ọmọ mi, káàbọ̀! Ẹ̀wù aláwọ̀ ewé yìí mà yẹ ọ́ ju ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá lọ." Ọmọ á rẹ́rìn-ín, ọkàn rẹ̀ á sì balẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀.

Orúnkún ló dá wàhálà sílẹ̀. Simeon tó ń ta kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ lẹ́bàá títì rí i bó ṣe ń fi ọwọ́ ra ẹsẹ̀.

"Bàbá Hanifah, ẹ yéé fìyà jẹ ara yín. Kẹ̀kẹ́ òkè lẹ ń gùn lórí ọ̀dà. Òkè wo ló wà láàárín ibí àti Imùṣin?"

Ó fa kẹ̀kẹ́ mìíràn jáde. Abdulhakeem wo táyà tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí ìka, ó wo ọwọ́ kẹ̀kẹ́ tó lọ́ wálẹ̀ bí ìwo àgbò.

"Simeon, ṣé èyí jẹun láàárọ̀? Kó má lọ ṣẹ́ mọ́ mi nídìí o."

"Ẹ gùn ún dé ìkóríta yẹn. Bí ẹ bá padà wá tí ẹ ò rẹ́rìn-ín, mo gba ẹ̀bi."

Ó padà wá, ó ń rẹ́rìn-ín. Wọ́n ṣe pàṣípààrọ̀, ògbólógbòó kẹ̀kẹ́ sì dúró lọ́dọ̀ Simeon.

Ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀ tó tẹ̀ lé e, ẹ̀rù fẹ́rẹ̀ẹ́ bà á lójú ọ̀nà. Kẹ̀kẹ́ náà kò han, kò gbọ̀n. Atẹ́gùn nìkan ló ń gbọ́ létí. Ọ̀nà tó máa ń gbà á ju wákàtí kan lọ, kò tó ogójì ìṣẹ́jú tó fi rí òrùlé ilé wọn. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹ́ta, òun alátùn-únṣe aago, ó rò pé ó ti kú.

Ìyá rẹ̀ jókòó sí àgbàlá láìwé gèlè, ó kọjú sí ọ̀nà, ẹní tó ń hun wà níwájú rẹ̀. Abdulhakeem sọ̀ kalẹ̀, ó fẹ́ fi kẹ̀kẹ́ náà yà á lẹ́nu, kò sì sọ̀rọ̀. Ó kàn fi ọwọ́ kan gbé e sókè fẹ́rẹ́, ó ń rẹ́rìn-ín.

Màmá kò rẹ́rìn-ín. Ojú rẹ̀ gba ti ọmọ rẹ̀ kọjá, ó lọ dúró síbi kan lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ rò pé ó ń bínú ni. Nígbà náà ni màmá dìde, ó na ọwọ́, ó wá okùn tí wọ́n ta láti òpó ẹnu ọ̀nà dé ìdí ìkòkò omi, ó sì ń tọ̀ ọ́ lọ díẹ̀díẹ̀. Okùn tí wọ́n ń sá aṣọ sí ni Abdulhakeem mọ̀ ọ́n sí. Ó tilẹ̀ ti sọ rí pé ó rẹlẹ̀ jù fún okùn aṣọ.

Ó gbé kẹ̀kẹ́ sílẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ kan sún sẹ́yìn. Ìdí táyà kẹ̀kẹ́ náà dún tẹ-tẹ-tẹ.

"Ta nìyẹn?" ni màmá wí, ó sì kọjú sí ibi tí kò sí ẹnì kankan.

Kí Abdulhakeem tó dáhùn, Raheemah, aládùúgbò wọn, gba ẹ̀yìn ilé wọlé, ó gbé abọ́ ẹ̀gúsí dání.

"Ìyá, ẹ jẹ́ n bá yín wé gèlè kó tó dé. Ẹ fọkàn balẹ̀, mi ò tíì gbọ́ ariwo kẹ̀kẹ́ ẹ̀. Bó bá ti yọ ní kọ́nà, n ó sọ àwọ̀ ẹ̀wù ẹ̀ fún yín…"

Ojú òun àti Abdulhakeem ṣe mẹ́rin. Abọ́ bọ́, ẹ̀gúsí fọ́n ká ilẹ̀.

"Ìyé," ni Abdulhakeem wí. "Láti ìgbà wo?"

Màmá kò fi okùn náà sílẹ̀. "Ó ti pé ọdún méjì. Raheemah mú mi lọ sí ọsibítù. Wọ́n ní iṣan ojú ti kú, pé kò sí ohun tó kù tí wọ́n lè ṣe."

"Ọdún méjì! Ẹ ń yin ẹ̀wù mi!"

"Ẹ̀wù náà ò burú, àbí ó burú ni?"

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Màmá fi ọwọ́ wá kẹ̀kẹ́ náà, ó fọwọ́ pa ìwo àgbò, ó fi ìka wọn táyà.

"Olófòófó lèyí, kì í ṣe kẹ̀kẹ́," ó wí. Ó padà sídìí ẹní. "Ọ̀rọ̀ ẹnu mi ni, mi ò ní í jẹ ẹ́. Jẹ́ kí n parí èyí, kó o wá kó ẹrù mi."

Abdulhakeem wo ọwọ́ rẹ̀ bó ti ń hun ún. Ó wo ẹní náà láti etí dé etí, pẹ̀lú ojú tó fi ń wá irin aago. Kò rí àṣìṣe kan. Ojú tirẹ̀ tó pé yìí ni kò rí nǹkan fún odidi ọdún méjì.

"Ìyé, mo dé kí àsìkò tó tó," ó wí nígbà tó yá. "Ti òní yìí kò sí nínú àdéhùn."

Kò dúró gbọ́ èsì. Ó gba òfìfo agolo mílíìkì mẹ́ta lọ́wọ́ Raheemah, ó so wọ́n mọ́ ìdí kẹ̀kẹ́, ó sì gùn ún padà dé kọ́nà. Ó yí i, ó ń bọ̀, agolo ń ha gbàrà-gbàrà lórí ọ̀dà, adìẹ ń sá.

Màmá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà, gèlè ti wà lórí.

"Hakíìmù ọmọ mi, káàbọ̀!"

Raheemah la ẹnu láti sọ àwọ̀ ẹ̀wù, ó tún pa á dé. Abdulhakeem kò tíì sọ̀ kalẹ̀.

"Ẹ̀wù wo lo wọ̀ lónìí?" ni màmá bi í.